Fọ́tò kì í pe orúkọ ewé: ìtàn Fátúmbí ti Kétu

Ìtàn ayafọ́tò kan tó di babaláwo ní Kétu la mú wá lónìí, nítorí ó kan igbó wa ní Kpoulou àti ní gbogbo agbègbè Adja-Ouèrè.

Pierre Verger ni orúkọ rẹ̀. Paris ni wọ́n ti bí i ní 1902. Ní 1932 ló bẹ̀rẹ̀ sí ya fọ́tò, ó sì gbé kámẹ́rà rẹ̀ kiri ayé kó tó fìdí kalẹ̀ sí Bahia, ní Bùràsílì, ní 1946. Fọ́tò tó fi sílẹ̀ lé ní 60,000, dúdú àti funfun ló pọ̀ jù nínú wọn. Àmọ́ lọ́dọ̀ wa níbí, kámẹ́rà nìkan kò tó o mọ́. Ní 1953, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí.

Babaláwo kò lè ṣiṣẹ́ láìmọ ewé. Fátúmbí wá ń jókòó ti àwọn àgbà, ó ń kọ orúkọ ewé, ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè sí i. Ní 1967, Yunifásítì Ifẹ̀ gbé ìwé rẹ̀, Awọn Ewe Ọsanyin, jáde. Ní 1995, ọdún kan kó tó kú, ìwé ńlá tó pè ní Ewé jáde ní Bùràsílì. Àkọsílẹ̀ ìlò ewé tó lé ní 400 ló wà nínú rẹ̀, ní Yorùbá àti ní Potogí.

Kí ló dé tí ayafọ́tò fi mú bírò? Ẹ wo patọnmọ́. Fọ́tò á fi ewé wẹ́wẹ́ hàn wá, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló sọ pé bí a bá fọwọ́ kàn án, á pa itan mọ́. Amẹ́ríkà ni ewé yìí ti wá. Àwọn baba wa wò ó dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Dágunró ńkọ́? Ẹni tó bá ti tẹ ẹ̀gún rẹ̀ mọ́lẹ̀ rí mọ bó ṣe ń dá ogun ró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹyẹ. Kí fọ́tò aláwọ̀ tó dé ni Yorùbá ti fi aró mọ agbe, tó fi osùn mọ àlùkò, tó fi ẹfun mọ lékeléke.

Igbó tó kù ní agbègbè wa kò pọ̀ mọ́. Ní Pobè, ìyókù igbó àtijọ́ ṣì wà lórí ilẹ̀ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922. Níbòmíràn, oko ló pọ̀ jù. Àwa olùkọ́ sì ń rí i pé àwọn ọmọ ń fi fóònù ya ẹyẹ àti òdòdó dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè orúkọ, "oiseau" ni wọ́n á fi dáhùn, tàbí "fleur".

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yà á. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé fọ́tò náà lọ bá ìyá àgbà tàbí baba ọdẹ, kí wọ́n kọ orúkọ, ìlò àti ibi tí wọ́n ti rí i sábẹ́ rẹ̀. Bí orúkọ Pobè bá yàtọ̀ sí ti Kétu tàbí ti Ìmẹ̀kọ, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàárín wa. Ẹ jẹ́ ká tètè bi wọ́n.