Ilẹ̀ Yẹ̀, Kò Ṣẹ̀

Ọmọkùnrin kan já bọ́ lórí ọ̀kadà ní Owódé Ẹ̀gbá, ó fi ọwọ́ tẹlẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì wú. A mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó máa ń to eegun. Bàbá fi òrí pa á lọ́wọ́, ó wá ń fi àtàǹpàkò tọ ojú eegun lọ díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ fi figbe ta. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní: “Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Kò ṣẹ́, kò sì sán. Ó yẹ̀ ni.”

Inú mi dùn, kì í sì í ṣe nítorí ọwọ́ ọmọ nìkan. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń wá orúkọ fún ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní “fault”, torí mo ń kọ ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní sáyẹ́ǹsì ní Mowe. Mo ti kọ “àlébù ilẹ̀”, mo pa á rẹ́, mo tún kọ “àṣìṣe ilẹ̀”. Àṣìṣe wo? Ta ni ilẹ̀ ṣẹ̀? Ọ̀rọ̀ Òyìnbó náà ló ní ìtumọ̀ tó ju ẹyọ kan lọ, èmi sì lọ gbé èyí tí kò kàn mí.

Kò sí ọ̀kan tí a máa sọ nù nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí bàbá sọ. Àpáta lè sán kí apá rẹ̀ méjèèjì má kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n bí apá kan bá ti rọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, àpáta yẹn ti yẹ̀, ibi tó ti yẹ̀ sì ni mo wá ń pè ní ojú ìyẹ̀. Kí ẹni tó ń tẹ̀wé má ṣe gbàgbé àmì ohùn orí rẹ̀ o, kó má di ìyẹ́ adìyẹ.

Mo mọ ilé kan ní Ibafo, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ àbàtà kí wọ́n tó da iyanrìn sí i. Ògiri pálọ̀ sán, ìlà rẹ̀ tín-ín-rín bí irun, ọ̀dà apá ọ̀tún sì bá ti òsì dọ́gba. Ti ẹ̀yìnkùlé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà búlọ́ọ̀kù apá kan ti fi nǹkan bí ìbú ìka kan rẹlẹ̀ sí ti ìkejì. Bí o bá fi ọwọ́ pa á, ọwọ́ á kọ́. Bíríkìlà tó wá wò ó kò wo ti pálọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yìnkùlé ló dúró sí tó ń mi orí. Ìpìlẹ̀ tó ń rì ló fà á, ìmìtìtì ilẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ojú ìyẹ̀ kékeré ló wà lára ògiri yẹn, mo sì ti mú àwọn ọmọ débẹ̀ wò ó.

Kí ló ń mú ilẹ̀ mì nígbà náà? Ẹ wo ilẹ̀kùn onígi tó wú lásìkò òjò. O tì í, kò lọ. O tún fi èjìká tì í, kò lọ. Lójijì ló já gbà, gbogbo férémù gbọ̀n. Apá méjèèjì ojú ìyẹ̀ há mọ́ra bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, agbára ń kó jọ sí wọn lára, ọjọ́ tí wọ́n bá já gbà ni ilẹ̀ ń mì.

Ohun tó ń tì wọ́n náà ní “plate” lórúkọ lédè Òyìnbó, ìdẹkùn kejì sì nìyẹn, torí ẹni tó bá yára á pè é ní àwo. Èmi pè é ní awẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá ti la obì abàtà rí mọ̀ pé awẹ́ rẹ̀ fara ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí, ààlà wọn sì hàn lójú obì kó tó là. Awẹ́ tí Áfíríkà wà lórí rẹ̀ àti èyí tí gúúsù Amẹ́ríkà wà lórí rẹ̀ ń jìnnà síra lọ́dọọdún bí èékánná ṣe ń hù. Ààlà wọn wà láàárín òkun, ó jìnnà sí wa, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ wa kì í fi í mì lemọ́lemọ́.

Ó ń mì ṣá. Ní oṣù Keje 1984, wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn, Ṣágámù àti Abẹ́òkúta. Inú ọdún yẹn kan náà ni ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, àmọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ìwé yẹn bá wí, kò bá ilẹ̀ wí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2009, ilẹ̀ tún mì lápá Abomey-Calavi ní Benin, Abẹ́òkúta sì gbọ́ ọ. Ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀ ni mo pe irú ìwọ̀nyí. Mo fi ìmìtìtì sílẹ̀ fún èyí tó ń wó ilé, bíi ti Accra ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1939. Bíbélì ní ìsẹ̀lẹ̀. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n àmì kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀ sí ìṣẹ̀lẹ̀, n kò sì fọkàn tán àwọn tẹ̀wétẹ̀wé wa tó bẹ́ẹ̀.

Ti Accra yẹn la fi ń mọ̀yàtọ̀ nǹkan méjì mìíràn. Ìwọ̀n agbára rẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni, nǹkan bí 6.5. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìmọ̀lára rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ: ní Accra ilé wó, ẹ̀mí ṣòfò, ní Èkó àti Ìbàdàn, mímì lásán ni. Abẹ́ ilẹ̀ níbi tí àpáta ti já gbà ni orísun, ojú ilẹ̀ tó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú rẹ̀ lókè sì ni àtàrí orísun.

Ìgbì tó ń ti orísun yẹn jáde ló dùn mọ́ mi jù. Ìgbì kan ń ti àpáta, ó ń fà á, òun ló ń kọ́kọ́ dé. Èyí tó tẹ̀ lé e ń ju àpáta sọ́tùn-ún sósì bí ajá ṣe ń ju ìrù, ó máa ń pẹ́ dé, mímì rẹ̀ sì máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ọmọ kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi pariwo: “Táíwò àti Kẹ́hìndé!” Wọn ò purọ́. Bí Kẹ́hìndé bá fi ìṣẹ́jú àáyá 10 pẹ́ lẹ́yìn Táíwò, orísun jìnnà tó nǹkan bí kìlómítà 80. Ìgbì ojú ilẹ̀ tó ń dé lẹ́yìn àwọn méjèèjì, tó sì ń ba ilé jẹ́ jù lọ, ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe Ìdòwú, èṣù lẹ́yìn ìbejì? Nínú ìwé, ìgbì aṣáájú àti ìgbì àtẹ̀lé ni mo kọ. Ọ̀kan nínú ìgbì ojú ilẹ̀ ń jẹ́ “Love”. Ẹni tó bá pè é ní ìgbì ìfẹ́ ti ṣìnà, orúkọ Augustus Love ni, onímọ̀ ìṣirò ará Ìlú Ọba tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1911.

Ó ku ibì kan tí mo há sí. Bí wọ́n bá yin dáínámáìtì ní kwárì, abẹ́ ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ̀n, páànù á dún wọnranwọnran, ìró rẹ̀ gan-an á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gba inú afẹ́fẹ́ dé, gbòlà! Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí kwárì lọ́nà Abẹ́òkúta, kí lẹ ń pe gbígbọ̀n tó ń ṣáájú ìró yẹn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé.