Ajá kan, owó ẹ̀ẹ̀mẹrin

1/ Ẹ̀yin ará The Sims, ẹ bá mi ka owó yìí.

2/ Ọdún 2000 ni géèmù yìí jáde. Kí 2003 tó parí, àfikún méje ti tẹ̀lé e, kálukú pẹ̀lú owó tiẹ̀. Unleashed (2002) ló kó ajá àti ológbò wá.

3/ The Sims 2 dé ní 2004, ajá ti pòórá! Wọ́n tún tà á ní 2006. The Sims 3: 2011. The Sims 4: 2017.

4/ Ní 2007, wọ́n ta aṣọ H&M fún wa nínú ẹ̀; ní 2008, àga IKEA. Ìpolówó ni o, àwa la sanwó ẹ̀.

5/ Láti oṣù kẹwàá 2022, The Sims 4 ti di ọ̀fẹ́. Ajá ńkọ́? Owó ni.

6/ Mo ṣì fẹ́ràn ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n tí tuntun bá tún dé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: kí ni wọ́n yọ pamọ́?