Idà Anokye àti Rọ́bà Inú Iṣan

Nínú ọgbà ilé-ìwòsàn Komfo Anokye ní ìlú Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Gánà, idà kan wà tí a gún mọ́ ilẹ̀ láti ayébáyé. Ìtàn àwọn Àṣáńtí sọ pé Okomfo Anokye ni ó gún un, àti pé ọjọ́ tí a bá fà á yọ ni ìjọba Àṣáńtí yóò túká. Ní ọdún 1954 ni a kọ́ ilé-ìwòsàn náà. Ní ọdún 1975 ó di ibi tí a ti ń kọ́ àwọn dókítà.

Ohun kan wà tí àwọn dókítà kárí ayé ń kì bọ ara ènìyàn, tí kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀ bí idà Anokye. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí ó ń gbé oògùn àti omi gba inú iṣan ńlá lọ sí ara ẹni tí àìsàn rẹ̀ le koko. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó ti gbà là. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí ó gbà wọlé ni kòkòrò àrùn ń gbà tẹ̀lé e wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí penicillin dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ogun kòkòrò ti parí. Alexander Fleming, ẹni tí ó rí i ní ọdún 1928, kò rò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1945 ó kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá lo oògùn náà ní ìwọ̀n tí kò tó ń kọ́ kòkòrò bí yóò ti borí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣẹ.

Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Kòkòrò àrùn a máa ṣe ìbora tí ń yọ̀ bí ilá sí ara rọ́bà, a sì fara pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí agbára oògùn kò ti fi bẹ́ẹ̀ dé. Ẹni tí ó ń da oògùn sí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí rọ́bà náà ṣì wà níbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, apẹ̀rẹ̀ ni ó fi ń pọn omi. Ohun tí ó tọ́ ni kí a fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí a bẹ̀rẹ̀ oògùn láìjáfara, kí a yọ rọ́bà náà, kí a sì yí oògùn padà bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn.

Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé àrùn yìí lè dínkù ní ìdá méjì nínú mẹ́ta láìsí oògùn tuntun kankan: ọwọ́ fífọ̀, awọ ara tí a nù mọ́, aṣọ ìbora tí kò ní kòkòrò, àti yíyọ rọ́bà tí kò wúlò mọ́. Ó yẹ kí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fetí sí èyí, nítorí ní ọdún 2019 àwọn tí kòkòrò tí kò gbọ́ oògùn pa níhìn-ín lé ní 27 nínú 100,000 ènìyàn, èyí tí ó pọ̀ ju ti agbègbè mìíràn lọ ní ayé.

Kí idà Anokye dúró síbi tí ó wà. Rọ́bà tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí ni kí a fà yọ.