Káńsù, Ará Ìlú àti Àìtíìpé: Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Fi Sọ̀rọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀

Mo ka ìtumọ̀ kan láìpẹ́ yìí tó bí mi nínú. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n túmọ̀ kò le: ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ni, èyí tí àwọn ará ìlú ń jókòó sí láti tún wo bí ìjọba ìbílẹ̀ wọn ṣe wà, bóyá kí wọ́n pín in, bóyá kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ òmíràn, bóyá kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí olùtumọ̀ wá kọ ni “Ìgbìmọ̀ Olùtúnbojúwò Ọmọ-Orílẹ̀-Èdè lórí Ètò-Ìhun Ìṣàkóso Agbègbè-Kékeré”. Mo kà á títí kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè ni wọ́n fẹ́ tún bojú wò. Ẹ gbé gbólóhùn yìí lọ sí Òkè-Àró, kí ẹ kà á fún onílé tí àgbàrá ti wọ́ ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni. Òkè-Àró wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n ó fara ti Ìjú tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó. Mówè àti Ìbàfò wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi-Owódé, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Owódé Ẹ̀gbá. Púpọ̀ nínú àwọn tó kún ibẹ̀ lónìí, Èkó ni wọ́n ti wá ra ilẹ̀, Èkó náà ni wọ́n sì ń jí lọ ṣiṣẹ́ ní ìdájí. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fi 37 káńsù onídàgbàsókè kún 20 tí ìwé òfin mọ̀, wọ́n sì dìbò sí gbogbo 57 náà ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Nígbà tí ìbò mìíràn fi dé ní oṣù keje 2021, 20 péré ni wọ́n dìbò sí. Ẹni tó bá ń gbé Mówè láti 2016 ti rí i kí káńsù pọ̀, ó ti rí i kí ó dín, kò sì kúrò lójú kan.

Ìgbìmọ̀ tó ń wo irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Àtúntò 1976 ló sọ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà di oríṣi kan náà, tí wọ́n jẹ́ 301. Ní 1984, Ibrahim Dasuki, tó di Sultan Ṣókótó lẹ́yìn náà, ṣe alága ìgbìmọ̀ kan. Ní 2003, Ààrẹ Ọbásanjọ́ gbé òmíràn kalẹ̀ lábẹ́ Etsu Nupe, Umaru Sanda Ndayako. Kábíyèsí wàjà ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Liman Ciroma sì gba ipò rẹ̀. Ìjọba ló yan gbogbo wọn. Ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ìwé òfin wọn ti 1972 sọ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí àwọn olùdìbò káńsù kọ̀ọ̀kan pinnu bóyá wọ́n fẹ́ àtúnyẹ̀wò, bí wọ́n bá sì fẹ́ ẹ, àwọn fúnra wọn ni yóò dìbò yan àwọn tí yóò ṣe é. Irú èyí ni Gẹ̀ẹ́sì olùtumọ̀ wa ń sọ, irú rẹ̀ ni mo sì ń wá orúkọ fún.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ yìí kò fa ìjà. Ìgbìmọ̀ ni ìgbìmọ̀. Alága, akọ̀wé, àbá, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé ẹ̀hónú: ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Wọ́ọ̀dù àti káńsẹ́lọ̀ ti di ọmọ ilé. Ẹni tó bá fẹ́ fi “ẹ̀ka-ìdìbò-kékeré” rọ́pò wọ́ọ̀dù, kí ó kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ létí ìyá tó ń tajà lọ́jà Ìbàfò kí ó wo ojú rẹ̀. Abala 8 ìwé òfin 1999 béèrè pé kí ará agbègbè dìbò kí a tó dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀. “Ìbò bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́” tó fún un. Èyí tí mo tilẹ̀ fẹ́ yìn ni “fìdíhẹ”. Ẹni tó fi ìdí hẹ orí àga kò jókòó tán, gbogbo ìgbà ló lè dìde. Láti 1993 tí Ṣónẹ́kàn ṣe ìjọba fìdíhẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ ìròyìn pátápátá, àwa sì ń pe àwọn tí gómìnà fi sórí káńsù láìdìbò ní alága fìdíhẹ títí di òní. Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n ní olùtọ́jú. Yorùbá wo bí wọ́n ṣe jókòó, ó sì fi sọ wọ́n lórúkọ.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí “ọmọ”. Olùtumọ̀ wa kọ “ọmọ orílẹ̀-èdè”, àwọn mìíràn a máa kọ “ọmọ ìlú”. Ní Abúja, “ọmọ orílẹ̀-èdè” kò burú: ó wúlò fún ìwé ìrìnnà. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó fẹ́ wo káńsù Ifọ̀ kò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, “ọmọ ìlú” sì léwu ju èyí lọ. Ọmọ ń sọ ti ìbí. Bí a bá ní kí ọmọ ìlú nìkan wá jókòó ní Òkè-Àró, a ti ní kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó kọ́lé síbẹ̀ dìde, kí ọmọ Ọ̀yọ́ dìde, kí ará Ìbàdàn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ nínú oko ẹlẹ́dẹ̀ ńlá tó sọ ibẹ̀ dolókìkí dìde, kí Ígbò tó ní ṣọ́ọ̀bù dìde. Ta ló kù tí yóò san owó káńsù?

Ọ̀rọ̀ tó yẹ wà nílẹ̀, ẹnu wa kò sì fi í sílẹ̀ rí: ará. Ẹ má ṣe fi pe ara tí à ń wẹ̀. Ohùn òkè ló wà lórí a kejì. Ará ilé, ará àdúgbò, ará oko, ará ọjà, ará ọ̀run. Ibi tí ènìyàn wà ni ará ń wò. Wọ́n lè bí i síbẹ̀, ó sì lè dé síbẹ̀. Eégún tó jáde lọ́dún ni à ń pè ní ará ọ̀run, a kì í bi í pé ní agboolé wo ní ọ̀run ni wọ́n bí i sí. Àwọn kan yóò ní “ará ìlú” tún túmọ̀ sí àwọn tí kò sí nínú ìjọba, pé a máa ń sọ pé “ìjọba ń fìyà jẹ ará ìlú”. Èrè ni mo ka ìyẹn sí. Ìgbìmọ̀ tí kò tọ́wọ́ gómìnà wá gan-an ni à ń wá orúkọ fún. Ẹni tó dábàá “mẹ̀kúnnù” ní tirẹ̀ ti ta kókó mìíràn: mẹ̀kúnnù ń sọ ti òṣì, olówó tó kọ́lé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Mówè náà sì ní ẹ̀tọ́ láti jókòó.

Ó kan “ìjọba ìbílẹ̀” fúnra rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè láìrò ó. Jẹ ọba ló di jọba, jọba ló bí ìjọba. Ìbílẹ̀ ni ohun tí a bí nílẹ̀ ẹni: aṣọ ìbílẹ̀, oògùn ìbílẹ̀, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀. Ẹ so méjèèjì pọ̀, ẹ óò rí ọba jíjẹ àwọn onílẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé nìyẹn nígbà kan. Lábẹ́ òyìnbó, Aláké nìkan ni àṣẹ ìbílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, owó orí sì ń ti ọwọ́ rẹ̀ wá bá àwọn obìnrin, títí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú, fi dìde, tí Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1952, òfin tuntun ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn gbé káńsù tí a dìbò yàn dípò àṣẹ ìbílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ju “Native” nù. Àwa di “ìbílẹ̀” mú ṣinṣin. Ìdí nìyí tí àlejò ilẹ̀ ní Ìbàfò, tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀, ṣì ń gbọ́ “ìbílẹ̀” tó sì ń rò pé ti àwọn onílẹ̀ ni.

Kí a wá lé ọ̀rọ̀ náà jáde? Rárá o. Rédíò ti gbà á, ìwé ìròyìn ti gbà á, ọmọ iléèwé ń kọ ọ́ nínú ìdánwò. Kí ó máa jẹ́ orúkọ ìpele ìjọba kẹta. Ṣùgbọ́n fún ilé iṣẹ́ náà, fún àwọn tó ń jókòó nínú rẹ̀, àti fún ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ yẹ̀ wò, káńsù ni mo dìbò fún. Ẹ wo bó ṣe wọlé: ibi tí òyìnbó ti fi ohùn tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwa fi àmì òkè síbẹ̀, ibi tó ti rọ ohùn sílẹ̀, àwa fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kọ́ńsónáǹtì ìparí tí ahọ́n wa kò fẹ́, a jù ú nù, tàbí kí a fi fáwẹ̀lì pa á dé. Ọ̀nà kan náà ni kọ́ọ̀tù, fóòmù àti tíṣà gbà wọlé. Òfin èdè wa ló yí i padà, nítorí náà ti wa ni. Àwọn tó ń pe irú èyí ní àbàwọ́n ń wo ìlú tó ti wá, wọn kò wo ọ̀nà tó gbà dé. Káńsù kò sì bi ẹnikẹ́ni pé ta ló bí i.

Ní ti “structure” inú Gẹ̀ẹ́sì náà, mo ti rí ètò, ìhun, àtò àti ìgbékalẹ̀. Ètò ti ru ẹrù jù: ètò ìsìnkú, ètò orí tẹlifíṣàn, ètò ẹ̀kọ́. Ìhun dára, láti ara híhun aṣọ ló ti wá, àwọn onímọ̀ èdè sì ti gbà á fún gbólóhùn; ṣùgbọ́n okùn tí a hun wọ inú ara wọn ni, káńsù Ifọ̀ àti ti Ọbáfẹ́mi-Owódé kò sì wọ inú ara wọn. Mo yan ìgbékalẹ̀. Ẹnìkan gbé nǹkan, ó gbé e ka ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe fún wa ní 774 ìjọba ìbílẹ̀ inú ìwé òfin gan-an nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ kí a lè béèrè ẹni tó gbé e àti ibi tó gbé e kà.

“Review” rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ. Àtúnṣe ti sọ pé nǹkan bàjẹ́, àtúntò ti sọ pé a óò yí i padà. Ìgbìmọ̀ tó bá jẹ́ èyíkéyìí nínú orúkọ méjèèjì ti dájọ́ kí ó tó jókòó. Àtúnyẹ̀wò ní kí a kàn tún un yẹ̀ wò, ó sì lè parí sí pé kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù. Ní 10 oṣù kejìlá 2004, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ nípa 37 káńsù tí Èkó dá sílẹ̀ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe tirẹ̀ bó ti yẹ, ṣùgbọ́n pé káńsù wọ̀nyẹn jẹ́ “inchoate” títí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Àwọn alátakò túmọ̀ rẹ̀ sí “ayédèrú”: irọ́ ni, ilé ẹjọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní “kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀”: ìyẹn sọ pé kò wúlò rárá. “Àbọ̀ṣẹ́” ń bú ẹni tó ṣe é. “Àìpé” súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n àbùkù ló ń sọ. Káńsù náà dà bí ìkòkò tí a ti mọ tí a kò tíì sun. Kò fọ́, kò sì tíì gba omi.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: “kò tíì”. Ìdáhùn wà nínú ẹnu wa. “Tíì” kì í jáde àfi lẹ́yìn àyísódì: kò tíì dé, má tíì lọ. A sì ń sọ pé “ó jáde láìtíì jẹun”. Bí “láìjẹun” ṣe fún wa ní àìjẹun, “láìtíì pé” fún wa ní àìtíìpé. Ẹ̀yà mẹ́ta péré, àì, tíì, pé, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ sì wọ inú rẹ̀ tán: àìpé ń sọ ohun tó ṣaláìní, àìtíìpé ń sọ ohun tó ń retí. Ọ̀nà yìí kò mọ síbẹ̀. Òfin tí gómìnà kò tíì fọwọ́ sí jẹ́ àìtíìfọwọ́sí. Ààlà tí wọ́n kò tíì fà jẹ́ àìtíìfà. Ọ̀yọ́ fi 35 kún 33 tirẹ̀, Òǹdó náà fi 33 kún 18 ní 2023. Gbogbo wọn ló nílò ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí mo ti gbà fún ọjà ni “autonomy”. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kan náà sọ ní 11 oṣù keje 2024 pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, gbogbo ìròyìn ló pè é ní òmìnira ìjọba ìbílẹ̀. Òmìnira ga jù fún káńsù. Ti 1960 ni mo kà á sí. Mo gbìyànjú “ìdádúró”, nítorí ẹni tó dá dúró kò gbára lé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìdádúró alága káńsù ni ohun tí àwọn gómìnà ń ṣe nígbà tí inú bá bí wọn. Òmìnira ló borí.

Nítorí náà, orúkọ tí mo fọwọ́ sí ni Ìgbìmọ̀ Ará Ìlú fún Àtúnyẹ̀wò Ìgbékalẹ̀ Káńsù. Abala 97 ìwé òfin fàyè gba Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ láti fi èdè tí a ń sọ níbẹ̀ jókòó ní àfikún sí Gẹ̀ẹ́sì. Kí àwọn aṣòfin wa ní Abẹ́òkúta lo àyè náà, kí wọ́n sì kọ òfin tó bá kan Òkè-Àró, Mówè àti Ìbàfò ní Yorùbá tí ará ibẹ̀ yóò kà tí yóò yé e. Ẹ̀yin olùtumọ̀, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ kan mọ òmíràn, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń san owó káńsù.