Crowther: Bí Orúkọ Onígòjé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Di Orúkọ Ìdílé Yorùbá

 

Bí a bá ń pe orúkọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, bí a ti ń gbọ́ Adéyẹmí àti Ògúnlànà, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń gbọ́ Williams, Cole, Davies, Johnson, Macaulay àti Crowther. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ń bi wá léèrè ìdí rẹ̀. Ní ilé ìwé, ojúgbà wọn ń béèrè bóyá orúkọ wọn gan-an nìyẹn. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà ń rí i lẹ́nu iṣẹ́: wọn a pe orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan nínú yàrá ìdúródè, àgbàlagbà adúláwọ̀ a dìde, ẹni tí ó pe orúkọ náà a sì tún wo fáìlì lẹ́ẹ̀kejì. Èyí kò dunni tó ti ilé. Àwọn kan láàárín àwa fúnra wa a máa sọ pé ẹni tí ó bá ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá tòótọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti bí àwọn ìdílé kan nínú, ó sì ti mú kí àwọn ọmọ mìíràn máa tijú orúkọ bàbá wọn. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a tọ ipasẹ̀ orúkọ kan ṣoṣo láti orísun rẹ̀. Orúkọ náà ni Crowther.

IṢẸ́ ỌWỌ́ LÓ DI ORÚKỌ

Àwa Yorùbá a máa wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní ọ̀nà tiwọn. Nígbà tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, orúkọ kan péré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọlọ́lá ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ilẹ̀ wọn kún orúkọ ara wọn. Láàárín nǹkan bí ọdún 1200 sí 1400, àṣà náà tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù. Àwọn tí ń jẹ́ John àti William ti pọ̀ jù láwùjọ, agbowó-orí àti onídàájọ́ sì ní láti mọ èyí tí í ṣe èwo.

Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n gbà yan orúkọ ìdílé. Àwọn kan mú orúkọ bàbá: Johnson ni ọmọ John. Àwọn kan mú ibi tí wọ́n ń gbé: Hill ni ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá òkè. Àwọn kan mú ìrísí ara, bíi Short, ẹni kúkúrú. Àwọn yòókù mú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: Smith ni alágbẹ̀dẹ, Taylor ni télọ̀, Cooper sì ni ẹni tí ń kan àgbá onígi.

Nínú àwọn oníṣẹ́ yìí ni Crowther wà. Ohun èlò orin olókùn kan wà láyé àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní crowd, tí àwọn ará Wales sì ń pè ní crwth. Ọrun ni wọ́n fi ń ha okùn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn onígòjé ti ń ṣe nílé wa. Ẹni tí ń ta á ni Crowther. Bí a bá wá a lọ sí ilé tiwa, ó jọ orúkọ ìdílé Àyàn. Ẹni tí ó bá gbọ́ Àyándélé tàbí Àyánkúnlé ti mọ̀ pé ìlù ni iṣẹ́ ilé wọn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀. Nílé onílù, ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba orúkọ tirẹ̀, tí yóò sọ nípa ìgbà tí a bí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ iṣẹ́ bàbá ńlá di ohun tí gbogbo ìran ń jẹ́, kódà bí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò bá tilẹ̀ mọ bí a ti ń di okùn mú.

Ní ọdún 1538 ni wọ́n pàṣẹ pé kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sínú ìwé. Bí akọ̀wé bá ti gbọ́ orúkọ ni ó ń kọ ọ́, ìdí nìyí tí a fi ń rí Crowder lẹ́gbẹ̀ẹ́ Crowther. Ọ̀kan náà ni wọ́n ní ìpilẹ̀ṣẹ̀.

LÁTI ÒKÈ YORKSHIRE DÉ LỌ́ŃDỌ̀NÙ

Ibi tí orúkọ yìí ti pọ̀ jù ni ìwọ̀ oòrùn Yorkshire, ní àyíká Huddersfield àti Halifax, títí wọ Lancashire. Ilẹ̀ olókè ni, oko ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àgùntàn ń jẹ dáadáa níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń hun aṣọ irun àgùntàn nínú ilé wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ńláńlá sí ẹ̀bá odò. Ìdílé Crowther kan ni ó ni ilé iṣẹ́ Bank Bottom ní Marsden, tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ti ń jẹun. Bí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá iṣẹ́ kiri ni orúkọ náà ń bá wọn dé Leeds, Manchester àti Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn náà ni ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà.

Leeds ni a bí Geoffrey Crowther sí ní ọdún 1907. Òun ni olóòtú ìwé ìròyìn The Economist láti 1938 títí di 1956, òun náà ni ó darí ìgbìmọ̀ tí ó gbé ìròyìn jáde ní ọdún 1959 lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 15 sí 18. Àwọn tí wọ́n ti pẹ́ níhìn-ín lára wa yóò sì rántí Leslie Crowther tí ó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ó kú ní ọdún 1996.

Ṣùgbọ́n Crowther tí ọ̀rọ̀ wa kàn jù ni Samuel Crowther, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church ní Newgate Street, Lọ́ńdọ̀nù. Ó wà lára ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1799. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni orúkọ onígòjé fi kọjá òkun dé ọ̀dọ̀ wa.

ÀJÀYÍ DI CROWTHER

Ní ọdún 1821, àwọn ogun kó Ọ̀ṣòògùn, ìlú kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn, wọ́n sì kó ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Àmútọ̀runwá ni Àjàyí, ẹni tí ó dojú bolẹ̀ wáyé. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ Esperança Felix tí wọ́n kó o sí. Ní oṣù kẹfà, wọ́n gúnlẹ̀ ní Freetown, ní Sàró, wọ́n sì mú un lọ sí abúlé Bathurst. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé kíkà àti iṣẹ́ káfíńtà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ àlùfáà Newgate Street náà: Samuel Crowther. Àṣà àwọn ajíhìnrere nígbà náà ni láti fi orúkọ àwọn olóore wọn ní Ìlú Ọba sọ àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Bẹ́ẹ̀ ni Cole, Davies àti Williams ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé Sàró. Ẹ̀jẹ̀ kò pa Àjàyí pọ̀ mọ́ ará Yorkshire kankan, kì í sì í ṣe pé Crowther kan ló ni í lẹ́rú. Orúkọ ọlá ni wọ́n fi fún un. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìrìbọmi, orúkọ tuntun náà ni ó wà, kò sí Ọ̀ṣòògùn níbẹ̀, kò sí oríkì.

Ohun tí Àjàyí wá fi orúkọ náà ṣe ni ó yẹ kí a sọ fún àwọn ọmọ wa. Ní ọdún 1843, ó di àlùfáà, ó sì gbé ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ó wà lára àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ní ọdún 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta. Kì í ṣe Crowther ni ìyá náà ti ń wá láti ọjọ́ yìí, Àjàyí ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, òun sì ni adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere aláwọ̀ funfun gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ Niger, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Ní ọdún 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí wọ́n fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, Áàṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury, Justin Welby, tọrọ àforíjì fún ìwà tí wọ́n hù sí i.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Abigail, fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Àwọn ni wọ́n bí Herbert Macaulay, akọni tí ó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó, tí ó kú ní ọdún 1946. Orúkọ ará Scotland ni Macaulay. Èyí fi hàn pé orúkọ àwọn òyìnbó kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti jà fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

ORÚKỌ KAN NÁÀ, ỌKÙNRIN MÌÍRÀN

Nígbà tí Àjàyí wà ní Sàró, ìdílé Crowther mìíràn ń lọ sí erékùṣù Tasmania ní Ọsirélíà. Ọmọ wọn, William Lodewyk Crowther, tí a bí ní ọdún 1817, di dókítà ní Hobart. Ní oṣù kẹta ọdún 1869, William Lanne, ọmọ onílẹ̀ Tasmania, kú. Kí wọ́n tó sin ín, wọ́n gé òkú rẹ̀, wọ́n sì yọ agbárí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Dókítà Crowther ni wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ó di olórí ìjọba Tasmania ní ọdún 1878, wọ́n sì gbé ère rẹ̀ ró ní ọdún 1889. Ní ọdún 2022, ìgbìmọ̀ ìlú Hobart dìbò pé kí wọ́n mú ère náà kúrò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn kan gé e lẹ́sẹ̀, ó sì wó lulẹ̀.

Àwa nọ́ọ̀sì tí a máa ń wẹ òkú, tí a ń tẹ́ ẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí ẹbí tó dé, mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti burú tó. A mú un wá síhìn-ín nítorí pé Yorùbá ní orúkọ ń ro ọmọ, àwọn kan sì gbà pé orúkọ àjèjì yóò mú ìwà àjèjì wọlé. Orúkọ kan náà ni àwọn ọkùnrin méjèèjì jẹ́, láyé kan náà. Ọ̀kan fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀, èkejì ni wọ́n kà sí ẹni tí ó ba òkú ẹni ẹlẹ́ni jẹ́.

ÀWỌN TÍ WỌ́N YÍ I PADÀ ÀTI ÀWỌN TÍ WỌ́N DÌ Í MÚ

Àríyànjiyàn tí a ń ṣe yìí kì í ṣe tuntun. Ní Èkó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Sàró kan pinnu láti padà sí orúkọ ilé. David Brown Vincent di Mọ́jọlá Agbébì ní ọdún 1894. Jacob Henry Samuel di Adégbóyèga Ẹ̀dun, ẹni tí ó wá di akọ̀wé ìjọba Ẹ̀gbá.

Àwọn mìíràn di tiwọn mú. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, àbúrò rẹ̀ Obadiah Johnson, tí í ṣe dókítà, sì rí i pé ó jáde ní ọdún 1921. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni wọ́n. Ta ni yóò dìde láàárín wa tí yóò ní Samuel Johnson kì í ṣe ọmọ Yorùbá?

Ní èrò tiwa, kò sí èyí tí ó ṣẹ̀ nínú ọ̀nà méjèèjì. Ẹni tí ó yí orúkọ padà ṣe é fún iyì ilé. Ẹni tí ó dì í mú kò fẹ́ pa ìrántí ìrìn àjò àwọn bàbá rẹ̀ rẹ́. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù ni kí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ìwé, kí orúkọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì bá àgbà tí ó mọ̀ ọ́n wọ sàréè. Ní oríléèdè tí a wà yìí, a ti sin irú àgbà bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀ YÍN

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìdílé tí ẹ ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí ti àwọn Àgùdà bíi da Rocha àti Pereira, ẹ jókòó ti àwọn àgbà yín. Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́rin: Kí ni orúkọ ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba orúkọ yìí kí ó tó gbà á? Ìlú wo ni ó ti wá? Ta ni ó fún un ní orúkọ náà, níbo? Kí ni oríkì orílẹ̀ ilé yín? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹgbẹ́ yóò ṣí ìwé kan fún un, a óò sì gbé e wá sí ìpàdé tí ń bọ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣọ́ọ̀ṣì Newgate Street náà kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin St Paul's. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì jó o ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 1940, ṣùgbọ́n ilé ìṣọ́ rẹ̀ ṣì wà, wọ́n sì sọ ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jókòó tẹ́lẹ̀ di ọgbà òdòdó. Kò gba owó ìwọlé. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ ní ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ sì sọ fún wọn bí orúkọ àlùfáà ibẹ̀ ṣe kan Àjàyí ará Ọ̀ṣòògùn.