FỌ́TÒ “WAIT AND GET” TI ỌJÀ ỌBA



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan nínú ìjọ wa mú fọ́tò kan tọ̀ mí wá. Àwọn àti ọkọ wọn tó ti sùn nínú Olúwa ló wà nínú ẹ̀, níwájú Gbọ̀ngàn Mápó, lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ojú bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Màmá ní, “Pásítọ̀, ṣé wọn ò lè bá mi fọ òmíràn ni?” Mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Mo ní, “Màmá, wait and get ni o. Kò ní nẹ́gátíìfù.” Ọkàn mi bàjẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ fóònù ò lè mọ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí o bá ya fọ́tò ní sítúdíò, wọ́n á ní kí o padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, torí fíìmù gbọ́dọ̀ tán kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Àmọ́ àwọn oní-wait-and-get máa ń dúró lẹ́sẹ̀ òkè Mápó lọ́jọ́ Sátidé tí òde bá wà. Wọ́n á yà ọ́, wọ́n á fa bébà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, tí ọyẹ́ bá mú wọ́n á kì í bọ abíyá kó lè gbóná, wọ́n á dúró bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n á wá bó o bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìwọ nìyẹn! Ìdajì kejì tí wọ́n ń jù sílẹ̀ yẹn gan-an ni nẹ́gátíìfù. Àwa ọmọdé la máa ń ṣà á. Kẹ́míkà ara ẹ̀ máa ń jó ọwọ́. Ìyá mi nà mí dáadáa nítorí ẹ̀.

Ará Amẹ́ríkà kan, Edwin Land, ló ṣe é. Ní 1943, ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, bi í pé kí ló dé tóun ò lè rí fọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya òun. Ìbéèrè ọmọdé! Ní 1947 ó fi han àwọn onímọ̀. Ní November 1948 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Boston. Fíìmù kíká ni ti àkọ́kọ́. Ní 1963 ni èyí tó wà nínú páálí dé, pẹ̀lú àwọ̀ mèremère. Irú èyí la mọ̀ ní Mápó. Ní 1972 ni SX-70 dé, tí kò ní bíbó rárá. Ibi funfun tó fẹ̀ nísàlẹ̀ fọ́tò yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o; ibẹ̀ ni àpò kẹ́míkà wà, irin róbótó méjì nínú kámẹ́rà ló ń tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Kámẹ́rà olójú mẹ́rin ń kọ́? Èyí tó ń ya pásípọ́ọ̀tù mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan! Òun la fi ya ti fọ́ọ̀mù WAEC àti JAMB. Àmọ́ ní Gúúsù Áfíríkà, irú fọ́tò kíákíá yìí ni ìjọba aláwọ̀ funfun ń lẹ̀ mọ́ ìwé tí wọ́n fipá mú àwọn aláwọ̀ dúdú gbé kiri; bí ọlọ́pàá ò bá bá a lọ́wọ́ ẹ, ẹ̀wọ̀n yá. Ní 1970, òṣìṣẹ́ Polaroid méjì, Caroline Hunter àti Ken Williams, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tú àṣírí náà. Wọ́n lé Hunter níṣẹ́. Ní 1977 ilé iṣẹ́ náà kúrò níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo fíìmù ló ń wọ gbogbo kámẹ́rà. Ní 2008 Polaroid kéde pé àwọn ò ṣe fíìmù mọ́. Ní 2016 Fujifilm dá ti oníbíbó dúró. Instax tí ẹ̀ ń gbé lọ sí òde báyìí, 1998 ló jáde, òun náà ò ní nẹ́gátíìfù.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbogbo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nílé. Ẹ gbé e kúrò nínú oòrùn. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má fà á o, ẹ gbé e wá pẹ̀lú gíláàsì ẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn Sunday, àwọn ọ̀dọ́ wa á bá yín yà á sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. A ti ṣe ti màmá. Ojú bàbá ò hàn dáadáa, àmọ́ fìlà ẹ̀ hàn, ọwọ́ tó fi di màmá mú náà hàn.