Láti Pátákó Ìkéde Dé Orí Fóònù

Ṣé ẹ rántí pátákó ìkéde ẹnu ọ̀nà láíbìrì? Ibẹ̀ la ti ń rí orúkọ ìwé tuntun àti orúkọ ẹni tí kò dá ìwé padà. Ẹni tí kò bá gba ibẹ̀ kọjá, kò gbọ́ nǹkan kan. Bó ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, tí John Harris jẹ́ olórí láíbìrì rẹ̀ àkọ́kọ́: akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wá láíbìrì lọ.

Ìgbà tí Facebook gba gbogbo ènìyàn láàyè ní 2006 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà. Láíbìrì náà bá tọ̀ wọ́n lọ. Ní 2010, láíbìrì Yunifásítì Brigham Young ní Amẹ́ríkà gbé fídíò apanilẹ́rìn-ín kan sórí YouTube, tó fi ń sín ìpolówó Old Spice jẹ, kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè wá kàwé. Wọ́n wò ó ju ìgbà mílíọ̀nù kan lọ!

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilé onílé ni o. Ní oṣù Kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti Twitter pa, èyí tó di X ní 2023. Oṣù Kìn-ín-ní 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákú fún bíi wákàtí 6. Láíbìrì tó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ló ti ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn àgbà ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ojú òpó wọ̀nyí lọjà. Inú láíbìrì nilé. Ẹ jẹ́ ká ná ọjà, ká sì kó ẹrù wálé. Ẹ wo Library of Congress ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ti yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ní 2008, wọ́n kó fọ́tò àtijọ́ tó lé ní 3,000 sórí Flickr. Àwọn òǹwòran ń dárúkọ ènìyàn àti ibi tí wọ́n dá mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wádìí rẹ̀, wọ́n sì ń kọ èyí tó jóòótọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tiwọn.

Nítorí náà, bí láíbìrì ilé-ẹ̀kọ́ wa bá gbé fọ́tò àtijọ́ síta, ẹ má kàn fi láìkì sílẹ̀ o. Ẹ dárúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ sọ ọdún rẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé, "Ṣé ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ nílé?" Àwa tí a mọ orúkọ wọ̀nyẹn ń dín kù lọ́dọọdún.

Ọdún á yabo o.